Tíì Tí Bọ̀dá Mu Kí Wọ́n Tó Wo Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀

“Ẹnu-ò-dákẹ́, jọ̀ọ́, kí n kàn fi nǹkan tọ́ ètè wò. Òùngbẹ ti jókòó sí mi lọ́fun bíi baálé ilé!”

Bọ̀dá ló ń bẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Tí Bọ̀dá yìí bá húkọ́, ẹyẹ ìlú kẹta ló ń fò! Éèdì ti rún agbára ara rẹ̀ wómúwómú. Oògùn ikọ́ ife kò ran ikọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi fẹ́ ti ọ̀pá tín-ínrín kan, tó rọ̀, tó ní iná àti kámẹ́rà lórí, gba imú rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó lè fojú rí ohun tó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu.

Àánú ṣe ọmọbìnrin náà. Bí màmá wọn ṣe yíjú, ó bu tíì onímílíìkì fún un. Bọ̀dá gbé e mì, díẹ̀ ló kù kí kọ́ọ̀pù bá a lọ.

Wọ́n tì í dé yàrá àyẹ̀wò, màmá àti àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Dókítà bi í pé, “Ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sẹ́nu?”

“Rárá o, dókítà.” Ó já àbúrò rẹ̀ léèékánná.

Dókítà gbé ìgò kan. “Oògùn tí mo fẹ́ fín yìí máa pa ọ̀fun yín kú fúngbà díẹ̀. Bí oúnjẹ bá gòkè láti inú ikùn, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa wọ̀ lọ.”

Àyà ọmọbìnrin náà ń lù kìì kìì, ará òde ì bá máa jó sí i! Tó bá sọ̀rọ̀, àyè àyẹ̀wò tí Bọ̀dá rí gbà lónìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, màmá á sì bó o láàyè. Tó bá dákẹ́ ńkọ́? Dókítà ti ní, “Ẹ la ẹnu.”

“Ẹ dúró, sà! Mo fún un ní tíì!”

“Ọ̀dàlẹ̀!” ni Bọ̀dá wí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni?” Màmá ká ọwọ́ lérí.

Dókítà gbé ìgò sílẹ̀. “Ó di ọ̀la.”

Ọjọ́ yẹn kọ̀, kò ṣú. Rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú Bọ̀dá, ó kọjú sógiri. Kò sẹ́ni tó bá Ẹnu-ò-dákẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀pá náà wọlé, ó sì bu omi inú ẹ̀dọ̀fóró jáde. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ikọ́ ife rárá! Ohun kan tó jọ èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu ló gbilẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n yí oògùn padà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Bọ̀dá fi lè bá èèyàn jiyàn láìsinmi.

Dókítà wá sọ fún màmá pé, “Ká ní a ṣe é pẹ̀lú tíì yẹn ní ikùn rẹ̀, òkú ni à bá gbé fún yín.”

Màmá na ọwọ́ sí ọmọbìnrin rẹ̀. “O ṣẹ̀, o sì gbà á là. Wá jókòó tì mí.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àánú tó bá tẹ òfin oníṣègùn lójú, ikú ló ń gbé bọ̀. Ẹni tó bá sì ti ṣìṣe, kó tètè la ẹnu. A-dákẹ́-má-fọhùn, a kò mọ ti ẹni tí ń ṣe. Ìtìjú kì í pa èèyàn, ohun tí a fi pa mọ́ fún dókítà ló ń pa ni.