Èébì Tó Wọ Ẹ̀dọ̀fóró Olúdayọ̀

Ará Ìlógbò-Èkìtì ni Olúdayọ̀. Epo pupa ló ń tà, ògógóró ló ń mu, ìgbéraga ló sì ń jẹ sùn.

Bí ó bá ti yó, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á máa sín àwọn tó ń kọrin jẹ. Ó ní ẹni tí kò lágbára ló ń wá Ọlọ́run. Alágbára rèé! Alágbára tí ìyàwó rẹ̀, Morìnsọ́lá, máa ń wọ́ wọlé bí àpò gbágùúdá.

Dèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti jẹ́ ọ̀mùtí rí kí Jésù tó gbà á. Ó bẹ̀ ẹ́ títí.

"Dayọ̀, ọtí yìí á pa ọ́."

"Ọtí kì í pa ọkùnrin. Inú tèmi le bí irin."

Irin kẹ̀!

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó mutí yó kẹ́ri, ó jẹ iyán lé e, ó na gbalaja sílẹ̀, ó kọjú sókè. Èébì gbé e. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá, á dìde jókòó. Òpònú yìí kò mọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fa èébì ara rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Morìnsọ́lá figbe ta. Dèjì sáré wá, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó nu ẹnu rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé fún wọn.

"Omi inú ikùn máa ń kan gan-an, nítorí pé òun ló ń da oúnjẹ. Ikùn lè gbà á, ẹ̀dọ̀fóró kò lè gbà á. Ó ti bó o nínú. Ẹ̀dọ̀fóró ti wú, omi ara sì ti ń sun sínú àwọn àpò kéékèèké tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí èémí rẹ̀ kò fi délẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá tún wọ ibẹ̀, á le jù báyìí lọ."

Ètè Olúdayọ̀ ti dúdú. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Ọkùnrin ńlá ń ṣagbe èémí, ohun tí Ọlọ́run ń fún ewúrẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́!

"Dèjì," ó wúkọ́. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ikú?"

"Rárá. Ẹ̀rù Ẹni tí mo fẹ́ lọ bá."

"Ẹni náà ló kú fún ọ. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kó o gbà á gbọ́."

"N kò mọ àdúrà gbà."

"Sọ bó o ṣe rí fún un."

Olúdayọ̀ bú sẹ́kún. "Olúwa, ẹlẹ́gbin ni mí. Ṣàánú mi. Gbà mí, nítorí Jésù."

Àyà rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti fò lọ. Ó pẹ́ kí wíwú náà tó rọlẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Morìnsọ́lá, ó tọrọ àforíjì. Títí dòní, bó bá gun òkè díẹ̀, á dúró sinmi. Ọtí ńkọ́? Kò tọ́ ọ wò mọ́.

Ìwọ tó ń kàwé yìí, má yínmú. Kí lo fi sàn ju Olúdayọ̀ lọ? Bóyá o kì í mutí, irọ́ ńkọ́? Àgbèrè ńkọ́? Ta ló fún ọ ní èémí tí o fi ń gbéraga? Olúdayọ̀ rí ààyè ronú pìwà dà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jí mọ́. Jésù tó gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́. Má dọ́jọ́ fún un. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yìí, kó o ké pè é lónìí.