Ta Ló Yí Àmì Pupa Padà?

Ìròyìn tó yẹ kó dé lánàá, òní ló dé. Awakọ̀ ọsibítù kan ní Ìfọ́n ló mú un wá sí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlobù, lọ́dún 1998.

"Bàrákàt, ọmọ ọdún méjì, ò jí látàná," ó ní. "Kọ̀ǹpútà yín ló ní kí wọ́n fún un ní oògùn tó tó ti àgbàlagbà. Wọ́n ti gbé e lọ sí Òṣogbo. Tó bá kú, ọlọ́pàá ń bọ̀ níbí."

"Ẹ sáré padà," ni Nàfísàt, tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀, wí. "Ẹ ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà yẹn."

Òun ló rí àṣìṣe yẹn, pé ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún ọsibítù náà láti fi wọn oògùn ń ka ọmọdé sí àgbàlagbà. Òun ló fi àmì pupa sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà máa ń yẹ àmì wò fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pupa, iṣẹ́ ò ní jáde. Bó bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ̀rọ á kó o sórí dísìkì, ọsibítù á wá mú un láàárọ̀. Kò sẹ́ni tí í bi ẹnì kan léèrè mọ́.

Ó tan ẹ̀rọ. Àmì náà ti di àwọ̀ ewé. Lábẹ́ rẹ̀: Kingsley, ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè.

"Ọmọ Gánà yìí á pa wá," ni Ọlábánjí wí. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ náà, òun ni yóò sì gbé Nàfísàt níyàwó. Ó na ọwọ́ sí Kingsley. Àtẹ́lẹwọ́ ọwọ́ tó nà náà ti bó. "Jẹ́ ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Kingsley, tí òun àti Nàfísàt jọ ń ṣiṣẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, apá ọ̀tún rẹ̀ nínú báńdéèjì. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Àkrá ni wọ́n bí mi sí, ọ̀gá, àmọ́ Ìlobù ni ojú mi là sí. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Bùọ̀dá Kingsley, ta ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín sórí kọ̀ǹpútà?" ni Nàfísàt béèrè.

"Èmi. Àti ọ̀gá tó fún mi."

"Níbo lẹ wà ní Tọ́sìdeè?"

"Ilé. Ṣé iná wà ni? Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti mú un lọ, àná ni wọ́n tó dá a padà."

Nàfísàt ò fẹ́ ronú síwájú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Láìsí iná, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló lè mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Okùn tí wọ́n fi ń tan án le. Apá méjì tó dá ṣáká pàápàá, kíkan ni í fà á, títí ọwọ́ á fi bó.

"Bùọ̀dá Bánjí, kí ló bó yín lọ́wọ́?"

Ọlábánjí wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọsibítù ní tí iṣẹ́ ò bá jáde ní Jímọ̀, ará Ìbàdàn ni àwọn máa gbé e fún. Mo rò pé àṣìṣe kékeré ni. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo fi orúkọ Kingsley wọlé, mo yí àmì padà. Ẹ̀rọ ló ṣe ìyókù."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ tèmi?" Kingsley béèrè.

"Nàfí," ni Ọlábánjí wí, "àwa mẹ́ta nìkan la mọ̀."

Nàfísàt ti fi ìbòrí bo orí.

"Mò ń lọ bá ìyá Bàrákàt ní Òṣogbo. Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí ni mo máa sọ fún un, àti fún ọlọ́pàá. Mi ò sì ní fẹ́ yín mọ́."