Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Péré

Aránbàtà adití kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó rí ọmọ aránṣọ, adití bíi tirẹ̀, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí ìyá rẹ̀, tó sì yí àtẹ́lẹwọ́ síta fìrí, bó ṣe ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Aránbàtà mú ṣọ́ọ̀kì tí ìyá fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ ọ́ sórí tábìlì pé: "Kí ló parí?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. Òun náà kọ ọ́: "Màmá ló pè mí. Tíṣà rẹ̀ ló kọ́ wa."

Aránbàtà mi orí. Ó ṣe àmì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na ìka sí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ. Parí. Ó ti parí.

Ọdún mẹ́ta ni ìyá ti ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé, tí ọmọ ń sọ fún un pé ó ti parí, tí òun náà ń dá a lóhùn pé ó ti parí, tí àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

Ó sáré lọ bá káfíńtà tí ọmọ tiẹ̀ náà wà ní kíláàsì àwọn adití.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti wọ kíláàsì yẹn rí?"

"Àǹtí, ta ló máa jẹ́ ká wọlé? Ìwé àyẹ̀wò ni wọ́n ń gbé wá sí géètì, pé ká fọwọ́ sí i pé ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa."

"A sì ń fọwọ́ sí i."

"Bí ẹni tó ń yin ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò."

Lọ́jọ́rú, òbí mẹ́sàn-án dé ilé ìwé, aránbàtà láàárín wọn. Ọ̀gá ilé ìwé dínà.

"Kí lẹ̀yin òbí mọ̀ nípa ẹ̀kọ́?"

"A ò mọ nǹkan kan, mà," káfíńtà ní. "Ìdí tá a fi wá wò ó nìyẹn."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọwọ́ tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹyẹ tó há sínú yàrá. Aránbàtà fi ọwọ́ bi í ní nǹkan kan. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ dáhùn. Aránbàtà tún bi í. Àmì mẹ́ta kan náà ni tíṣà ń yí po, òógùn bò ó.

Aránbàtà kọ ọ́ sójú pátákó: "Orúkọ rẹ̀ ni mo béèrè. Ó ní kí n jókòó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló mọ̀: jókòó, jẹun, ó ti parí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sáré lọ tọ̀," ni tíṣà wí.

Fèrèsé ilé ìtọ̀ ló gbà jáde. Káfíńtà lé e dé títì, ó ku díẹ̀ kó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ni ọ̀kadà gbé e lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan ló há sójú fèrèsé. Aránbàtà yí i wò lábẹ́, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì: "Èmi ni mo gán an. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá. Ilé aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn ibùdókọ̀."

Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá àti àwọn òbí ti bá a tó ń di ẹrù, ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán.

"Níbo lo ti kọ́ṣẹ́?"

"Mo ra ìwé àwòrán kan, sà."

"O kà á tán?"

"Ojú ewé kìíní ni."

"Kí ló dé tó o fi ní 'ó ti parí' ni màmá?" Aránṣọ ló béèrè ìyẹn.

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń pe màmá, mà. Mo ní láti sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ ò lè fẹjọ́ mi sùn, ẹ̀yin náà ò sì gbọ́ èdè wọn."

Ọ̀gá ilé ìwé náà jẹ́wọ́ pé òun ò wọ kíláàsì yẹn rí, òǹtẹ̀ lòun kàn ń lù.

Láti ọjọ́ náà, òbí méjì ló ń jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́, aránbàtà sì ń kọ́ àwọn ọmọ àti àwọn òbí pa pọ̀. Ọkàn wọn balẹ̀. Àmọ́ ta ló máa dá ọdún mẹ́ta padà?

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú tíṣà wá kó ìwé rẹ̀, ọmọ aránṣọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ tíṣà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yí àtẹ́lẹwọ́ síta.

Ìyá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ò mọ̀ bóyá òun ló ń pè.