Kọ̀ǹpútà Tí Rhoda Kò Jẹ́ Kó Sùn

"Má pa á o, Rhoda! Mú un sùn ni!"

Tísà Ògúnlànà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó ń kígbe bẹ́ẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ ló ń wá lọ sí Ìgbókọ̀dà, ọlọ́kọ̀ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí ìbọn ti ń dún lójú odò. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Awoye, kí àwọn tó ń dá ọkọ̀ lọ́nà má baà gbà á. Orúkọ, fọ́tò àti ìtẹ̀ka àwọn méjìlá tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá wà nínú rẹ̀, kò sì tíì fi wọ́n pamọ́.

"Mi ò mọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, sà!"

"Kò ní béèrè ẹ̀! Tẹ àmì tó wà ní igun ìsàlẹ̀, kó o yan oorun. Bátìrì ẹ̀ ti gbó!"

Rhoda gbé e wálé. Ojú kọ̀ǹpútà ti tì, ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwòrán kíláàsì wọn wà lójú rẹ̀. Moríkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ ahọ́n síta, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ti sá lọ. Òun nìkan ló kù, nítorí ìyá àgbà kọ̀, kò kúrò nílé. Àárò wọn ń sọ ọ́ gan-an.

Ó tẹ àmì náà, ó rí ibi tí wọ́n kọ oorun sí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nílé tiwọn, bí ẹnìkan bá wà lórí omi, wọn kì í dárúkọ oorun mọ́ ọn. Ẹni tó bá sùn lójú omi, kò padà wálé mọ́ nìyẹn. Tísà sì ṣì wà lójú odò.

"Ìyá àgbà, ṣé kí n mú un sùn?"

"Ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Ká sọ òótọ́, èèwọ̀ kọ́ ló di Rhoda lọ́wọ́ mú, ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Bí àwòrán bá fẹ́ ṣú, á tún fọwọ́ kàn án, á máa bá Moríkẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bátìrì tán, àwòrán náà parẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni tísà tó rí ọ̀nà padà. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀.

"Rhoda, ṣé o mú un sùn?"

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. "Rárá, sà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wò lójú ẹ̀."

Tísà ò bá a wí, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó wá àwọn ọmọ náà kiri títí Ìgbókọ̀dà, ó tún orúkọ mọ́kànlá kọ. Moríkẹ́ nìkan ni kò rí. Ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Wàrì, fóònù wọn ò sì lọ. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ parí láìsí orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù ìyá àgbà dún. Moríkẹ́ ni.

"Rhoda! Ọjọ́ wo ni ìdánwò wa?"

Rhoda sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́.

"Ojú mi lò ń wò?" ni Moríkẹ́ béèrè. Ó pa fóònù.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí àárò ọ̀rẹ́ sọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òótọ́, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Rhoda fi odindi ọjọ́ kan wo ojú Moríkẹ́, ó sì mú kí Moríkẹ́ pàdánù ọdún kan kó tó tún lè ṣe ìdánwò.