Bí Ohùn Màmá Ṣe Di Tín-ín-rín

Hẹ́ẹ̀dìfóònù méjì ni bàbá atúnrédíòṣe gbé sórí káńtà, iye kan náà sì ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa. Èkejì kò dán rárá. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, èèyàn sì ń rí inú rẹ̀ láti ìta.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?"

Etí-Ehoro ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé ìwé, nítorí pé kò sí òfófó tí wọ́n sọ lẹ́yìn kíláàsì tí kì í dé etí rẹ̀. Ó ní, "Màmá mi kọ orin sínú fóònù fún àbúrò mi, sà. Èmi ni mo fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà."

Kò sọ ìyókù. Àìsàn ọkàn ló dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, dókítà sì ti ní kí wọ́n múra ọkàn sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àbúrò rẹ̀. Ìyá náà ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà láìmọ ohùn òun.

"Oníhò yìí ni kó o mú," bàbá náà wí. "Kì í bù mọ́ ọn, kì í bù kúrò níbẹ̀. Bí ohùn bá ṣe rí ló ń sọ ọ́. Dúdú yìí, béèsì, ìyẹn ìsàlẹ̀ ohùn, ló máa ń sọ di ńlá. Ó dùn ún gbọ́ o, àmọ́ irọ́ ló ń pa."

Etí-Ehoro gbé oníhò sétí, ó sì tẹ orin náà. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí, ó gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe ń dún, ó gbọ́ ibi tí ohùn náà ti gbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó gbé dúdú, ohùn náà sì kún gbogbo àyà rẹ̀ bí ìgbà tí ara ìyá rẹ̀ ṣì le.

Fáàrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé asẹ́ yìí lo fẹ́ gbé kọ́rí wá sílé ìwé? Gbogbo kíláàsì ni yóò máa bá ẹ gbọ́ ohun tó ò ń gbọ́. Má dójú tì mí o."

Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀rín ẹgbẹ́ ṣe ń dunni. Dúdú ló mú. Bàbá náà mi orí, ó ní, "Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ó sì dì í fún un.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó yá nílé ìwé. Nínú dúdú yẹn, ohùn ìyá rẹ̀ wúwo jù, bí ẹni tó ń kọrin nínú àgbá. Ó gé ìsàlẹ̀ ohùn náà díẹ̀. Ó tún gé e. Ó gé e títí ó fi dùn mọ́ ọn létí. Ó wá gbé e sétí ìyá rẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ìyá náà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó pa ti inú fóònù náà rẹ́, torí fídíò ijó tí Fáàrí ń fi ránṣẹ́ ti kún ibẹ̀, kí àyè lè gba tuntun. Kò pẹ́ sígbà náà tí èémí ìyá rẹ̀ kò fi tó orin kọ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ dákẹ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, etí kan hẹ́ẹ̀dìfóònù dúdú kò dún mọ́. Etí-Ehoro fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá atúnrédíòṣe. Bàbá ní kó fi oníhò gbọ́ orin rẹ̀ ná, kí òun tó tú dúdú wò. Obìnrin kan ló ń kọrin níbẹ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ohùn ẹni tó pe fóònù láti ọ̀nà jíjìn.

"Bàbá, èyí náà ti bàjẹ́."

Bàbá fi orin mìíràn dán an wò, ó sì dára. Ó wá gbọ́ ti ọmọ náà. Ó rọra yọ ọ́ létí. "Kò bàjẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ ohùn yìí dànù. Béèsì tí dúdú ń bù mọ́ ọn ni kò jẹ́ kó o mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà, sà."

"Ohun tí a gé dànù, níbo la ó ti rí i? Èyí tó o kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́, sà." Àbúrò rẹ̀ na ọwọ́, ó fẹ́ gbọ́. Etí-Ehoro fi oníhò sí i lórí. Ọmọ náà tẹ́tí, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta ni?"

"Màmá ni."

Ọmọ náà mi orí. "Kì í ṣe Màmá mi." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, ó sì gbé e lé káńtà jẹ́jẹ́.

Etí-Ehoro sunkún níwájú bàbá náà títí ojú rẹ̀ fi wú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ ìwé, nígbà tí ẹ bá ń yan ohun tí yóò máa sọ òótọ́ fún yín, ì báà ṣe ohun èlò, ì báà ṣe ọ̀rẹ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín ẹgbẹ́ yàn án. Ẹni tó fi yín rẹ́rìn-ín kò ní bá yín sunkún. Fáàrí ò tilẹ̀ rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ náà mọ́.