Ẹni Tó Ya Fọ́tò Náà

Ogójì fọ́tò ni Akọ̀wé sọ pé òun fi ránṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́kànlélógójì ni.

Ilé àkójọ fọ́tò ọ̀fẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi fọ́tò àpérò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà tọrẹ, kí ẹnikẹ́ni lè lò ó láìtọrọ àyè. Èmi ni mò ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó wọlé. Òfin méjì péré la ní. Ẹni tó bá fi fọ́tò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sábẹ́ ẹ̀ pé òun lòun yà á. Fọ́tò tó bá sì ti wọlé kì í jáde mọ́, torí a kì í fi nǹkan tọrẹ ká tún gbà á padà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣe àpérò lọ́dọọdún ni ọkùnrin yìí. Ó ti jẹ́rìí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Èmi ni mo yà á. Mo wo igun òsì fọ́tò àkọ́kọ́, mo sì rí ìlà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ìlà yẹn. Afọ́tò ni. Dúró-Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó tẹ kámẹ́rà. Nǹkan ti ha gíláàsì ojú kámẹ́rà ẹ̀, ó sì máa ń hàn nínú gbogbo fọ́tò ẹ̀ bí irun orí kan ṣoṣo. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ tí wọ́n bá jí iṣẹ́ mi, òun ló máa jẹ́rìí."

Ọjọ́ tí àpérò ọdún tó kọjá parí ni wọ́n bá a nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, ọrùn ẹ̀ ti ṣẹ́. Akọ̀wé ló wá túfọ̀ fún ìyá wa. Ó ní bàtà ẹ̀ ló yọ̀. Ó sunkún ju èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ lọ. A wá kámẹ́rà náà títí, a ò rí i.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Mo fa àga mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ogójì nínú wọn dára: olùbánisọ̀rọ̀ nídìí makirofóònù, àwọn àgbà tó ń tòògbé lórí ìjókòó. Àtẹ̀gùn nìkan ló wà nínú èyí tó ṣẹ́ kù, láti òkè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo gba gbogbo wọn wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan tún dé. Ọwọ́ ọkùnrin kan ló di okùn kámẹ́rà mú, pẹ̀lú aago olójú pupa tí Akọ̀wé kì í bọ́. Nínú ti ọjọ́ kẹta, iná àjà àti irin àtẹ̀gùn ti dojú dé, bí ohun tí ẹni tó ń ṣubú máa rí. Lọ́jọ́ kẹrin, fọ́tò náà wo òkè láti ilẹ̀. Akọ̀wé dúró lókè àtẹ̀gùn, ó ń wo ìsàlẹ̀. Kò sunkún rárá.

Mo gba àwọn náà wọlé, ẹ̀rí Akọ̀wé sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Èmi ni mo yà á.

Mo lè pe ọlọ́pàá. Mi ò pè wọ́n. Ohun tí mo ń fẹ́ ju àtìmọ́lé lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wá bá mi.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi yọ àwọn fọ́tò yẹn kúrò." Ohùn ẹ̀ ò ròkè, bí ẹni tó wà ní yàrá aláìsàn.

"Ẹ jókòó, sà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yà wọ́n ni?"

"Ogójì ni mo fi sílẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ni kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n rẹ wà, mo ti yọ bátìrì ẹ̀. Síbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn mi. Á ní, 'Ẹ dúró bẹ́ẹ̀.' Á wá tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?"

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ fún ẹgbẹ́ pé èmi ni mò ń ya fọ́tò wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ òun ló máa wà níbẹ̀. Mo fa kámẹ́rà, òun náà fà á. Mo bá jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Ṣé ó ti kú nígbà tẹ́ ẹ bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn ẹ̀?"

Ó fa apá aṣọ bo aago ọwọ́ ẹ̀.

"Fọ́tò tó bá ti wọlé kì í jáde, sà. Àmọ́ ẹ lè tún ẹ̀rí yín ṣe. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló yà wọ́n."

"Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dìde. Kò kọ nǹkan kan, ó bá tiẹ̀ lọ.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fọ́tò tó kẹ́yìn dé. Àtẹ̀gùn kan náà ni, láti òkè. Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ nísàlẹ̀, aago pupa lọ́wọ́ ẹ̀. Àkókò tí wọ́n kọ sára fọ́tò náà ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ ní ìpàdé ní gbọ̀ngàn ní aago mẹ́rin.

Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, nọ́ńbà Akọ̀wé sì wà nínú ẹ̀. Mo da fóònù náà dojú bolẹ̀. Mo lọ bá ìyá mi ṣa oògùn ẹ̀ sínú ike, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti alẹ́ lọ́tọ̀.

Ní aago márùn-ún, àwọn ará ẹgbẹ́ wá túfọ̀ Akọ̀wé fún wa. Wọ́n ní bàtà ẹ̀ ló yọ̀.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà kí n lè gba fọ́tò yẹn wọlé. Ẹ̀rí abẹ́ mẹ́rìnlélógójì tó ṣáájú ti yí padà, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Mo sunkún, inú mi sì dùn. Mo wá wo abẹ́ èyí tó kẹ́yìn.

Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo yà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ iṣẹ́ oníṣẹ́ di tiẹ̀ rí láyé ẹ̀. Mo wo fóònù tó ṣì dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, mo sì gba fọ́tò náà wọlé.