Ẹ̀rí Tí Dùnmínínú Kò Jẹ́

Òjò ń rọ̀ ní Òkè-Ìlá, síbẹ̀ ọmọbìnrin arẹwà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ilésanmí télọ̀ fi dígí dúdú sójú. Ẹ gbà mí o, ta ní ń lo dígí oòrùn nínú òjò? Ilésanmí fura.

"Àǹtí, ta lẹ ń sá fún?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ gba aṣọ bàbá mi, ẹ yéé wo ojú mi."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Dùnmínínú lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á ṣàdéhùn, kò ní yọjú. Á pa fóònù, á tilẹ̀kùn. "Ọkùnrin mìíràn wà níbẹ̀," ni Ilésanmí ń rò. Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gun ọ̀kadà, ó já lu ọmọ ọlọ́mọ nílé. Ó bá a nínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan, òun nìkan, aṣọ tútù níwájú orí.

"Túúlu ni, orí fífọ́ tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ó ti ń ṣe mí láti sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tí mo sọ fún ṣáájú rẹ, ṣe ló sá."

"Èmi ò mọ eré sá, olólùfẹ́ mi. Télọ̀ ni mí."

Ìyá Ilésanmí, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kò gbà. "Orí tó ń fọ́ láti kékeré? Kì í ṣe ojú lásán! Ọmọ yẹn ń fi nǹkan pamọ́. Ìjọ wa ti gbàdúrà fún un; kó wá jẹ́rìí ìwòsàn níwájú ìjọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò níí wọ ulé mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Dùnmínínú jáde síwájú láìwọ bàtà. Ilésanmí ń rò ó lọ́kàn. Irọ́ kékeré kan péré, ìyàwó ti délé.

"Kò tíì lọ o," ni Dùnmínínú wí. "Bí mo ṣe dúró yìí, ó ń fọ́ mi. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń bá a jà, ìjà yẹn ló ń dá mi dùbúlẹ̀ ju ìrora lọ. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi pé kí n gbà pé ó wà, kí n má sì fi ayé mi sílẹ̀ fún un. Mò ń lo oògùn, mò ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn Ilésanmí. Ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ mọ́ Ọlọ́run nítorí ọkọ."

Ìyá wò ó títí, bí ẹni ń wá ibi tí irọ́ wà. Kò rí i.

"Ẹ pa iná tó wà lókè orí rẹ̀ yẹn," ni ó wí. "Ìyàwó mi, wá jókòó tì mí."

Níta, Ilésanmí di ọwọ́ Dùnmínínú mú. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bí túúlu bá dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ńkọ́?"

"A ó jọ jókòó. Àwọn àlejò á dúró dè wá."

"Ó dáa," ni Dùnmínínú wí. "Mo gbà."